Ta Ló Halẹ̀ Mọ́ Igún?

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde pé "ìhàlẹ̀" ni ká máa fi túmọ̀ "threat" níbikíbi tí a bá ti pàdé rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ní òun yóò fọ́ orí ọmọnìkejì ló ń halẹ̀; ìhàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ẹnu ẹnìkan jáde. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ní ó ń dún kookò mọ́ni.

Ẹ wá wo igún. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ti ka igún ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Hooded Vulture, mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa rẹ́. "Threat" náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe májèlé tó ń pa á, àti àwọn tó ń pa á tà fún lékùlẹ́jà. Ṣé wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn ni? Ewu ló ń wu ú!

Bí ojú ọ̀run bá dúdú, Gẹ̀ẹ́sì á tún lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ìyá mi, tó ti ń sáré ká aṣọ lórí okùn, á kàn pariwo pé, "Òjò ti ṣú o!"

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.