Ẹ̀wọ̀n Ọdún Mẹ́rìnlá àti Ẹ̀wọ̀n Inú Ilé

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kínní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ yóò fi aṣọ pénpé roko ọba fún ọdún 14. Ìgbéyàwó ni wọ́n fi sọ òfin náà lórúkọ, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Abala karùn-ún rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lé ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ẹni tó bá ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, àti ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ yìí hàn ní gbangba, ìbáà jẹ́ tààrà tàbí láìṣe tààrà. Kí ni ìfihàn láìṣe tààrà? Òfin náà kò sọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin máa ń di ara wọn lọ́wọ́ mú rìn láti ọjà délé, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè. Lábẹ́ òfin yìí, ọlọ́pàá tó bá fẹ́ lè bi wọ́n.

Òfin yìí kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Kó tó di pé wọ́n gbé e wọ ilé aṣòfin fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2006, lásìkò Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ pé àṣà baba wa ni òfin náà ń dáàbò bò mọ ibi tó ti wá. Ní 1533, lábẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí wọ́n máa pa ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò. Ní 1835 wọ́n yẹgi fún James Pratt àti John Smith ní London nítorí ẹ̀sùn yìí, àwọn méjèèjì ló sì kẹ́yìn àwọn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa lórí rẹ̀. Nígbà tó di 1861, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n rọ́pò ikú. Òfin náà bá wọn dé àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Samuel Griffith kọ ìwé òfin kan fún Queensland ní Australia, ìwé yẹn di òfin ní 1899, òun ni àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì sì gbé wá sí apá àríwá Nàìjíríà ní 1904, wọ́n sì fi kan gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Àwọn tó ni òfin ti jù ú nù ní tiwọn: ní 1967, England àti Wales fagi lé ìjìyà fún àgbàlagbà méjì tó bá ṣe é ní kọ̀rọ̀ yàrá wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Theresa May, tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọ níwájú àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth pé àbámọ̀ ńlá ni òfin tí ìlú òun fi lélẹ̀ káàkiri ayé jẹ́.

Kò sí ibi tí ó ti hàn kedere pé àjèjì ló mú òfin yìí wá tó ẹnu ibodè tó wà láàrin Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà àti Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Abẹ́ Alákétu, ọba Kétu, ni Ìmẹ̀kọ wà tẹ́lẹ̀. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, òrìṣà kan náà ni wọ́n ń bọ, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ló fa ìlà gba àárín wọn kọjá. Faransé ti yọ ẹ̀ṣẹ̀ yìí kúrò nínú ìwé òfin tirẹ̀ láti 1791, kò sì sí òfin tó sọ àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ di ọ̀daràn ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ títí di òní. Gbogbo ibi tí Faransé ti jọba kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, torí Tógò ní òfin tirẹ̀ tó ń fìyà jẹ wọ́n. Àìsí òfin ní Bẹ̀nẹ̀ náà kò sì ní kí ará àdúgbò má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, ọmọ Kétu kì í ṣe ọ̀daràn lórí ohun tí ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ lè fi ọdún 14 jìyà lé lórí. Àṣà Yorùbá kọ́ ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Òótọ́ ni pé àwọn baba ńlá wa ka ọmọ bíbí sí púpọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ gbéyàwó kó sì bímọ. Ṣùgbọ́n láti ibi pé a fẹ́ kí ọmọ wa bímọ títí dé ibi pé ká tì í mọ́lé jìnnà gan-an, àwọn àjèjì ló sì kọ́ wa ní ọ̀nà ibẹ̀.

Ohun tí òfin náà ń ṣe fún ọmọ ènìyàn hàn ní Ẹ̀gbẹ̀dá, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀, wọ́n sì kó ọkùnrin 57. Àwọn tí wọ́n kó ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Ọlọ́pàá ní wọ́n ń gba ọmọ tuntun wọ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni. Kí adájọ́ kankan tó gbọ́ ẹnu wọn, wọ́n ti tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn, tẹlifíṣọ̀n sì ti gbé ojú wọn káàkiri. Ó di oṣù Kọkànlá ọdún 2019 kí ìjọba tó ka ẹ̀sùn sí 47 lára wọn lẹ́sẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, pé wọ́n fi ìfẹ́ hàn síra wọn ní gbangba. Wọ́n sún ìgbẹ́jọ́ síwájú títí, agbẹjọ́rò ìjọba kò rí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kó wá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Adájọ́ Rilwan Aikawa da ẹjọ́ náà nù nítorí pé àwọn tó pè é kò mú un ní ọ̀kúnkúndùn.

Ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá wọn gba ojú wọn padà lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n? Láàrin ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ náà fi wà nílẹ̀, àwọn kan nínú wọn sọ fún oníròyìn pé àwọn ẹbí àwọn ti kọ àwọn sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí àwọn lórí ẹ̀rọ. Ìjìyà ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn: kì í sábà kó ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n, ìbẹ̀rù rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń bá gbé.

Ìbẹ̀rù yìí ti di òwò fún àwọn ọ̀daràn. Ẹnì kan yóò ṣe bí olólùfẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fi ọ̀rọ̀ dídùn fa ọmọkùnrin kan wá sí yàrá. Ibẹ̀ ni àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ yóò ti yọ jáde. Wọ́n á nà án, wọ́n á bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n á ya fídíò rẹ̀, wọ́n á gba fóònù àti gbogbo owó tó wà ní báńkì. Kito ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń pe èyí. Olè lásán ni, ìfipá-jalè tí òfin Nàìjíríà mọ bó ṣe ń fìyà jẹ. Àmọ́ báwo ni ẹni tí wọ́n jà lólè ṣe fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nígbà tó jẹ́ pé bó bá ti ṣàlàyé bó ṣe dé yàrá yẹn, òun náà di àfurasí? Àwọn olè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara wọn fi balẹ̀. Ẹgbẹ́ The Initiative for Equal Rights, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, máa ń gbé àkọsílẹ̀ ìwà ìkà sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí jáde, ìlọ́nilọ́wọ́gbà kì í sì í wọ́n nínú rẹ̀, nígbà mìíràn láti ọwọ́ àwọn agbófinró fúnra wọn.

Ó tún kan ìlera. Ní Àbújá, àwọn oníwàádìí ti ń tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò fún ìtọ́jú HIV kí òfin náà tó dé, wọ́n sì ń bá a lọ lẹ́yìn tó dé. Ohun tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn The Lancet HIV ní 2015 ni pé àwọn tó ní ẹ̀rù ń ba àwọn láti lọ gba ìtọ́jú pọ̀ sí i lẹ́yìn òfin ju ti ìṣáájú lọ. Ẹni tí kò lè sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì kò ní gba àyẹ̀wò tó yẹ, kò sì ní rí oògùn tó yẹ. Àwọn kan nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí sì níyàwó nílé, torí pé àwọn ẹbí ti ní kí wọ́n gbéyàwó dandan. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn tí ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ṣe ń bá obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìyẹn nìkan tó fún ilé aṣòfin láti tún òfin náà gbé yẹ̀ wò, kódà bí wọn kò bá fẹ́ràn ẹni tó kàn rárá.

Inú ilé ló wá burú jù. Òbí tó bá gbọ́ pé ọmọkùnrin òun ń fẹ́ ọkùnrin, tàbí pé ọmọbìnrin òun ń fẹ́ obìnrin, sábà máa ń rò pé ohun mẹ́ta ló wà níwájú òun: kí òun lù ú, kí òun gbé e lọ fún ìdáǹdè, tàbí kí òun lé e jáde. Wọ́n á fi ààwẹ̀ dè é, wọ́n á mú un sùn sí orí òkè àdúrà, wọ́n á dáwọ́ owó ilé ìwé rẹ̀ dúró, wọ́n á wá ọkọ fún ọmọbìnrin tó ti ní òun kò fẹ́ ọkùnrin. Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kan tó ń yí ọkàn padà. Àjọ ìlera àgbáyé ti yọ irú ìfẹ́ yìí kúrò nínú ìwé àkójọ àìsàn rẹ̀ láti ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1990. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1973. Ohun tí kì í ṣe àìsàn kò ní ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ìpalára ìkọ̀sílẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ní 2009, Caitlin Ryan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìṣègùn Pediatrics nípa irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ẹbí wọn kọ̀ wọ́n sílẹ̀ gidigidi ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn ní ìlọ́po tó ju mẹ́jọ lọ ju àwọn tí ẹbí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ìwádìí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ọmọ tí ẹbí rẹ̀ gbà mọ́ra máa ń níyì lójú ara rẹ̀, ìbànújẹ́ ọkàn rẹ̀ sì máa ń dín kù. Ìfẹ́ tó ń bẹ lọ́kàn wọn kọ́ ló fẹ́ pa wọ́n. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n ni. Yorùbá tó ń sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn kò yọ ọmọ kankan sílẹ̀.

Àwọn mìíràn sá kúrò nílùú. Ní 2004, Bísí Alímì, ọmọ Múṣin, jókòó pẹ̀lú Fúnmi Ìyàndá lórí ètò tẹlifíṣọ̀n New Dawn ti NTA, ó sì sọ níwájú gbogbo ìlú pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́. Ọdún kẹta ni ó fi Nàìjíríà sílẹ̀ lọ sí Britain. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló wà nínú àwọn tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ láìsí ẹni tó ń gbọ́ orúkọ wọn, owó tí ìlú fi kọ́ wọn níwèé ń bá ìlú onílùú ṣiṣẹ́.

Ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ń fi gbèjà òfin náà. Kò sí ẹni tó ní kí ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí so irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ pọ̀, kò sì pọn dandan kí oníwàásù yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n láàrin kí a gbà pé nǹkan jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti kí a sọ ọ́ di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n, ọ̀nà jìn. Póòpù Francis sọ ọ́ ní oṣù Kínní ọdún 2023 pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn, bẹ́ẹ̀ Ìjọ Kátólíìkì kò tíì yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà. Ìpinnu tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ṣe ní Lambeth ní 1998, èyí tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà fi ń yangàn, sọ pé ìwà náà lòdì sí Ìwé Mímọ́. Nínú ìpinnu kan náà ni wọ́n ti bẹnu àtẹ́ lu ìbẹ̀rù aláìnídìí sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Apá kejì yẹn kì í sábà dé orí àga ìwàásù.

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé Áfíríkà kò lè gba irú èyí. Ní 2019, ilé ẹjọ́ gíga ní Botswana fagi lé òfin tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì tì í lẹ́yìn ní 2021. Ìwé òfin tuntun tí kò ní in mọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Angola ní 2021. Lókè òkun níbi tí àwọn òrìṣà wa dé, ìjọba Cuba kó irú àwọn ọkùnrin yìí sí àgọ́ iṣẹ́ àṣekára láàrin 1965 sí 1968. Fidel Castro fúnra rẹ̀ gbà ní 2010 pé ẹ̀bi náà wà lọ́rùn òun, ní 2022 sì ni àwọn ará ìlú dìbò fi àyè gba ìgbéyàwó wọn. Nàìjíríà náà kò dúró lójú kan. Nígbà tí àjọ ìwádìí Pew bèèrè ní 2013, 98 nínú ọgọ́rùn-ún ní kò yẹ kí ìlú gbà wọ́n. Ní 2019, ó ti di 91. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n àti ìwàásù lọ́tùn-ún lósì ló wáyé.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣókùnkùn. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fa abala karùn-ún òfin ọdún 2014 náà ya, kí wọ́n sì yọ abala 214, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé irú ìbálòpọ̀ yìí, kúrò nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn. Kí ọlọ́pàá yé to ẹni tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi síwájú kámẹ́rà, kí wọ́n sì máa mú àwọn oní-kito bí wọ́n ṣe ń mú olè mìíràn. Kí dókítà àti nọ́ọ̀sì pa àṣírí aláìsàn mọ́. Àwọn aṣòfin lè lo ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Òbí kò ní láti dúró dè wọ́n kó tó gbé fóònù, kó pe ọmọ tó lé jáde, kó ní kó máa bọ̀ wálé.