Kí Ẹ Tó Kọ Ṣúgà, Ẹ Kọ́kọ́ Jẹun Àárọ̀

"Láti ọ̀la lọ, n kò ní fẹnu kan ṣúgà mọ́." Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ouagadougou, ní Burkina Faso, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, tàbí nígbà tí òógùn àti ọwọ́ gbígbọ̀n bá ń yọ wọ́n lẹ́nu láàárín ọjà. Ẹni tó sọ ọ́ kò parọ́. Ó fẹ́ ṣe é tọkàntọkàn. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kì í yí po kó tó padà sídìí ife aládùn rẹ̀, ojú á sì máa tì í bíi pé òun nìkan ni kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Òun ni mo ń rò bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Kò sí ohun tó ṣe ọkàn rẹ̀. Ètò iṣẹ́ náà ló dojú rú: ohun tó yẹ kó gbẹ̀yìn ló fi ṣáájú.

Ìlú yìí pàápàá kò ràn án lọ́wọ́. Láti oṣù kẹta wọ oṣù karùn-ún, ooru Ouagadougou a máa lé ní 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ọkọ̀ bá ti dúró níbi iná ojú pópó, àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri á ti dé: bissap, tí àwa ń pè ní zobo, omi atalẹ̀, omi àjàgbọn, àti zoom-koom, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun jéró, atalẹ̀ àti àjàgbọn pò. Inú ọ̀rá ni gbogbo rẹ̀ wà, ó tutù nini, ó sì dùn dé eegun. N kò bá òdòdó ìṣápá jà, n kò sì bá jéró jà. Oúnjẹ gidi ni wọ́n. Ṣúgà tí wọ́n rọ́ sínú wọn ni mo ń bá wí. Kì í ṣe nǹkan tó jìnnà sí ilẹ̀ náà rárá, nítorí oko ìrèké ńlá àti ilé iṣẹ́ ṣúgà wà ní Bérégadougou, lẹ́bàá Banfora, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Burkina Faso.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí jù lọ ni kíósíkì kọfí. Gounghin ni o, Dassasgho ni o, Tampouy ni o, kò sí àdúgbò tí kò sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn oníbàárà á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú pákó gbọọrọ. Ọmọkùnrin tó ń tà á gbé ife onígíláàsì, á dojú agolo mílíìkì kíki dé e, á sì jẹ́ kó máa rọra ṣàn títí ìsàlẹ̀ ife á fi funfun. Á bu kọfí lé e, á da omi gbígbóná sí i, á wá máa dà á láti inú ife kan sí òmíràn, ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nísàlẹ̀, títí á fi hó. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni á tó béèrè pé hóró ṣúgà mélòó ni kí òun fi sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú mílíìkì kíki yẹn, ohun tó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún ló jẹ́ ṣúgà tí wọ́n fi kún un nílé iṣẹ́. Bó bá da ìwọ̀n ṣíbí ìjẹun méjì sínú ife, ó ti lé ní hóró ṣúgà mẹ́ta kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Bí ẹ bá wá ní kó fi hóró méjì sí i, ó ti di márùn-ún ó lé. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má ṣe kó ju ìdá 10 nínú 100 agbára tí a ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ wa lọ, pé yóò tilẹ̀ dára jù bí kò bá pé ìdá 5. Fún àgbàlagbà, ìdá 5 yẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25, ìyẹn ṣíbí kékeré mẹ́fà. Ife kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e tán ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ohun tó sì bá a rìn ni búrẹ́dì funfun gígùn pẹ̀lú bọ́tà.

Oúnjẹ àárọ̀ yìí kì í pẹ́ nínú. Ṣúgà inú omi àti búrẹ́dì funfun máa ń sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara á tú insulin jáde láti fà á wálẹ̀, nínú àwọn kan sì rèé, ó máa ń wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, ẹ ó rí ọkùnrin tó lágbára tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí orí ń fọ́, tó ń jágbe mọ́ oníbàárà tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Á ní ebi ló ń pa òun. Òótọ́ ni. Á wá ra bissap tútù kan, ara á balẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ara àwọn ẹlòmíì kì í mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń mọ̀ ọ́n lára pọ̀, wọ́n sì ń rò pé ìwà burúkú ló ń dà wọ́n láàmú.

Ní 1998, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Kathleen DesMaisons, kọ ìwé tó pè ní Potatoes Not Prozac nípa irú àwọn ènìyàn báyìí. Ó to ìgbésẹ̀ méje kalẹ̀ fún wọn. Àlàyé tó ṣe lórí ohun tí ṣúgà ń ṣe nínú ọpọlọ wọn ju ibi tí ẹ̀rí àwọn onímọ̀ dé lọ, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dì mọ́ ọn. Bó ṣe to ìgbésẹ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kìíní ni kí ènìyàn máa jẹ oúnjẹ àárọ̀ tó ní purotéènì nínú. Ìgbésẹ̀ kẹfà ló tó ní kó yọ ṣúgà. Láàárín méjèèjì, ara á ti rí nǹkan mìíràn gbára lé. Ẹni tó bá já ṣúgà gbà lọ́wọ́ ara tí ebi ń pa, ìjà ló ń wá, ara ló sì máa ń borí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi sí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni pé kó má yọ hóró ṣúgà kankan ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Kó ṣáà jẹun dáadáa kó tó mu kọfí. Ouagadougou kò mú èyí nira fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tó ń ta ben-saalga wà káàkiri láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: jéró tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó kan, tí wọ́n wá sè, ọmọ ìyá ògì tiwa. Ẹni tó bá rà á lè ní kí wọ́n má fi ṣúgà sí i, kó sì ra samsa tì í. Àkàrà ni samsa, ẹ̀wà ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ọmọ Yorùbá tí a óò kọ́ bí a ṣe ń fi àkàrà mu ògì. Benga náà wà, ẹ̀wà sísè tí wọ́n fi òróró àti iyọ̀ sí. Bó bá jẹ́ kíósíkì ni ẹ gbọ́dọ̀ lọ dandan, ẹ ní kó din ẹyin méjì sínú búrẹ́dì yẹn. Bí òkèlè tô àná bá ṣẹ́kù sílé pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tó ní ẹja, ẹ gbé e kaná.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ẹ̀wà láàárọ̀ ti wúwo jù, pé oúnjẹ àgbẹ̀ ni, pé òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí oníṣòwò tó mọyì ara rẹ̀ kọfí ló ń mu. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Oúnjẹ tó gbé àwọn ìyá wa ró dé ọjọ́ ogbó la sọ di ohun ìtìjú, a wá fi mílíìkì agolo rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó jọ ti ará ìlú ńlá.

Nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, tí gbígbọ̀n agogo mẹ́wàá náà sì ti dínkù, ẹ wá yíjú sí ohun mímu. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí mílíìkì inú ife dín sí ìdajì, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí hóró méjì di ẹyọ kan ààbọ̀, kó tó di ẹyọ kan. Ní ti tíì àwọn tó ń jókòó nínú grin, ìyẹn ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń mu tíì pọ̀, lábẹ́ igi, àṣà ibẹ̀ gan-an ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ewé kan náà ni wọ́n ń sè lẹ́ẹ̀mẹta. Ife kìíní korò, ìkejì rọ̀ díẹ̀, ìkẹta ló dùn jù. Ẹni tó bá mu kìíní àti ìkejì, tó sì fi ìkẹta sílẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò sì kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ lórí ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ yìí ni ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ibùdó ìwádìí Monell ní Philadelphia kópa nínú rẹ̀, tí wọ́n gbé jáde ní 2016. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn kan dín ṣúgà inú oúnjẹ wọn kù ní ìdá 40 nínú 100 fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn mìíràn máa jẹun bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, àwọn tó dín in kù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé oúnjẹ dídùn tí wọ́n fún wọn tọ́ wò dùn ju bí àwọn yòókù ṣe sọ lọ. Ní oṣù kẹta, ó tún lé sí i. Ahọ́n wọn ti ń gbọ́ adùn ṣúgà kékeré ketekete. Oṣù kejì ni o. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta gbìyànjú, tó wá sọ pé kọfí òun kò lẹ́nu mọ́, kò tíì fún ahọ́n rẹ̀ láyè. Ìwádìí yìí kan náà tún fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa jẹ ohun tó wù wọ́n, wọ́n padà sí ṣúgà, ahọ́n wọn náà sì padà síbi tó wà. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé kí a má fi ṣe ààwẹ̀ oṣù kan. Bí ṣúgà ṣe di bárakú díẹ̀díẹ̀ náà ni oúnjẹ tuntun gbọ́dọ̀ ṣe di bárakú.

Mo mọ̀ pé adùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lọ́dọ̀ wa. Oyin, ìrèké àti àádùn la fi ń súre fún ọmọ tuntun. Ní Faso náà, bí oṣù Ràmàdánì bá dé, páálí ṣúgà ni àna fi ń kí àna, tí ará ilé fi ń kí ará ilé. Ẹ má fi ìlera ba ìfẹ́ yìí jẹ́. Ẹ gba páálí yín, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e sórí pẹpẹ, kò sẹ́ni tó ní kó tán lóṣù náà.

Ní ti àwọn ọmọdé, a ń fi jẹ̀díjẹ̀dí dẹ́rù bà wọ́n láti òwúrọ̀ dalẹ́, bí wọ́n bá sì yege nínú ìdánwò, ọtí ẹlẹ́rìndòdò la ń rà fún wọn. Agolo kan tó gba sẹ̀ǹtílítà 33 lè ní gíráàmù ṣúgà 35 nínú. Ìdẹ́rùbà kò kọ́ ahọ́n ọmọ ní nǹkan kan. Kí ìyá tó ń se zobo nílé dín ṣúgà rẹ̀ kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n tó ń lò, kó fi atalẹ̀ kún un, kó fi ewé míńtì sí i, kó sì dúró ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tún dín in kù. Àwọn ọmọ lè má tilẹ̀ fura.

Ìjọba náà lè ṣe irú èyí. Ní 2016, Ìlú Ọba kéde pé òun máa gba owó orí lórí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ṣúgà rẹ̀ bá ti tó gíráàmù 5 nínú mìlílítà 100, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2018. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti dín ṣúgà inú ọtí wọn kù, àwọn ènìyàn sì ń mu ún lọ. Nàìjíríà náà ti fi náírà 10 lé lítà kan nínú òfin ìnáwó 2021, owó tó kéré jù láti mú ilé iṣẹ́ kankan ronú. Èyí tó wà lọ́wọ́ tiwa ni mo gbà pé ó yá jù: kí oníkíósíkì máa béèrè kó tó da mílíìkì, kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Ouagadougou sì máa gbé omi tútù àti zobo tí kò dùn jù síwájú àlejò ní ìpàdé àti níbi ìkómọ, kí páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó yọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan kù sí àwọn tó ti ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ insulin. Ẹ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó yí oúnjẹ padà, nítorí oúnjẹ tí ẹ ń jẹ ni wọ́n fi díwọ̀n oògùn yín. Bí oúnjẹ bá dín tí oògùn kò dín, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí ẹ ó fi dákú. Bí òógùn bá bò yín lójijì, tí ara ń gbọ̀n, tí iyè sì ń ra, ṣúgà gan-an ni ìtọ́jú lákòókò yẹn, ẹ tètè mu ún.

Ìwádìí ìjọba Burkina Faso ní 2013 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà, nǹkan bíi 5 ló ní àtọ̀gbẹ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín láìdáwọ́ dúró, tí ẹ ń tọ̀ lemọ́lemọ́ lóru, tí ẹ sì ń rù láìmọ ìdí, ẹ lọ sí ibùdó ìlera àdúgbò yín, tí wọ́n ń pè ní CSPS, kí ẹ sì bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wò. Glycémie à jeun ni kí ẹ béèrè. Ẹ má jẹun láti alẹ́ àná, omi lásán ni kí ẹ mu, kí ẹ sì di samsa yín lọ́wọ́ láti jẹ bí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ tán.