Ìtẹ́ Kì Í Bá Ọba Wàjà

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka àwọn pátákó tí ó wà lẹ́bàá òpópónà àwọn ìlú wa yóò rí gbólóhùn kan tí kò ṣọ̀wọ́n: orúkọ baba, tí a wá kọ 'àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀' tẹ̀lé. Gbólóhùn náà dùn létí. Àdúrà ni, ìrètí sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: mélòó nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó ṣì ń ṣílẹ̀kùn ní ọdún karùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú baba? Bí a bá sì béèrè ohun tí ó fà á lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan, èsì wọn kì í pẹ́. Wọn a ní àṣà wa ni kò gbà á. Pé Yorùbá mọ òwò ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti í dá ilé-iṣẹ́ tí yóò gbó ju olówó rẹ̀ lọ sílẹ̀. Pé ọgbọ́n òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá jà. Irọ́ ni, irọ́ tí ó sì ń fi ohun-ìní wa ṣòfò ni.

Mo mọ ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn tí olówó rẹ̀ fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kọ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi dàgbà, ó ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, ẹ̀rọ ìgéwèé kan, ẹ̀rọ ìránwèé kan, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ òwò lásán ni ó fi sílẹ̀. Nígbà tí ó kú, ìyàwó mẹ́ta ni ó fi sáyé lọ. Ẹbí jókòó, wọ́n pín ogún ní ìdí igi. Ìdí igi kìn-ín-ní kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjèèjì, ìkejì gbé ẹ̀rọ ìgéwèé pẹ̀lú ọkọ̀ tí baba fi ń kó pépà, ìkẹta gbé ẹ̀rọ ìránwèé pẹ̀lú owó díẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ. Kò sì sí ẹni tí ó tún lè ṣe odidi ìwé kan jáde. Ẹni tí ó lè tẹ̀ ẹ́ kò rí ohun tí yóò fi gé e. Ẹni tí ó lè gé e kò rí ohun tí yóò gé. Kò pé ọdún méjì tí gbogbo rẹ̀ fi di ti àwọn tí ń ra irin àlòkù.

Ẹ má ṣe dá ìdí igi lẹ́bi. Àṣà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ́nù, tí ẹjọ́ ilẹ̀ wa ń parí sí lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, fi òǹtẹ̀ lù ú pẹ̀lú. Ohun tí baba bá fi sílẹ̀ ni ẹbí ń pín. Ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ baba tí ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ òwò kò ní ẹ̀mí tirẹ̀. Lójú òfin, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà kò yàtọ̀ sí agbádá baba tí ó so kọ́ sí yàrá: ohun kan náà ni, ti ẹnì kan náà ni, bí ẹni náà bá sì ti lọ, ó di pínpín.

Ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní Límítẹ́ẹ̀dì yàtọ̀ sí èyí. Ọjọ́ tí a bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ti di ẹni kan lójú òfin, tí ó lè ní ilẹ̀, tí ó lè jẹ gbèsè, tí ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, tí ikú ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kò sì pa. Ní Lọ́ńdọ́nù, oníṣòwò bàtà kan tí ń jẹ́ Aron Salomon sọ òwò rẹ̀ di Límítẹ́ẹ̀dì ní ọdún 1892. Òfin ìgbà náà béèrè ènìyàn méje; ó kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún mọ́ra, ó fún wọn ní ìpín ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ sì ní 20,001. Nígbà tí òwò náà dojú dé, wọ́n ní kí ó wá fi owó ara rẹ̀ san gbèsè. Ní ọdún 1897, àwọn adájọ́ àgbà sọ pé rárá: ọ̀tọ̀ ni Salomon, ọ̀tọ̀ ni ilé-iṣẹ́ Salomon. Ìpìlẹ̀ yìí náà ni òfin ilẹ̀ wa dúró lé. Òfin ọdún 1990 béèrè ènìyàn méjì, ó kéré tán. Láti ọdún 2020, ẹnì kan ṣoṣo tó láti dá a sílẹ̀, bí àpapọ̀ iye ìpín rẹ̀ kò bá ti dín sí ₦100,000.

Ká ní baba onítẹ̀wé ṣe èyí ni, ìpín inú ilé-iṣẹ́ ni ìdí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá pín. Àwọn ẹ̀rọ ì bá wà lójú kan, kí iṣẹ́ máa lọ, kí olúkúlùkù sì máa gba èrè tí ó bá tọ́ sí i. Àṣà kò ní yẹ̀, òwò kò sì ní kú.

Ǹjẹ́ ọgbọ́n yìí ṣàjèjì sí wa bí? Nígbà tí ọba bá gbésẹ̀, a kì í sọ pé ó kú. A ní ó wàjà. Ọmọ ọba lè jogún oko àti aṣọ tí baba rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ní, ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ́ gbé adé fún ìdí igi kan, kí ó gbé ọ̀pá àṣẹ fún òmíràn? Ìtẹ́ kì í bá ọba wàjà. Ilẹ̀ ẹbí ńkọ́? Mọ́gàjí ni alábòójútó rẹ̀, kì í ṣe olówó rẹ̀; ti àwọn tí ó ti kú ni, ti alààyè ni, ti àwọn tí a kò tíì bí sì ni pẹ̀lú. A ti mọ ohun tí ó ju ẹ̀mí ẹnì kan lọ kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀. Ìwé rẹ̀ nìkan ni ó jẹ́ àjèjì.

Àwọn kan wà tí wọ́n kórìíra ọ̀rọ̀ náà 'Límítẹ́ẹ̀dì' nítorí ààlà tí ó fi sí gbèsè. Wọ́n ní agbádá olè ni, pé ọmọlúàbí a máa san ohun tí ó jẹ. Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ayé ti rí nígbà tí gbèsè kò ní ààlà. Ológò a máa wá dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, kí ó máa jẹ, kí ó máa bú. Bàbá a máa fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ṣé ayé yẹn ni a fẹ́ padà sí? Òfin kò bo olè: ẹni tí ó bá fi ilé-iṣẹ́ ṣe jìbìtì, adájọ́ lè ká aṣọ náà kúrò lára rẹ̀. Bákan náà ni òfin ní kí a kọ 'Límítẹ́ẹ̀dì' mọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ gbangba, kí ẹni tí ó fẹ́ tà á ní àwìn lè mọ ibi tí ọwọ́ òun yóò dé. Ìkìlọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, tí kò bi ara rẹ̀ léèrè, ẹjọ́ kò kan òfin.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń ba nǹkan jẹ́ jù lọ kì í ṣe àwọn tí ó kọ̀ ọ́. Àwọn tí ó gbà á lẹ́nu nìkan ni. Wọ́n forúkọ sílẹ̀, wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí há ògiri, wọ́n di Alága, wọ́n tẹ káàdì. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, owó ilé-iṣẹ́. Aṣọ ẹbí, owó ilé-iṣẹ́. Ọkọ̀ ìyàwó, owó ilé-iṣẹ́. Àjọ CAC ní kí wọ́n máa mú ìròyìn wá lọ́dọọdún, wọn kò mú un wá. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní ìnáwó rẹ̀ pọ̀. Àwáwí ni. Òfin ọdún 2020 ti yọ ilé-iṣẹ́ kékeré kúrò lára àwọn tí ó gbọ́dọ̀ gba ayẹ̀wéwò àti akọ̀wé. Ohun tí ó kù tí ó nira ni kí olówó gba owó-oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ mọ sí ibẹ̀. Ẹni tí àpò rẹ̀ àti àpò ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kò ní ilé-iṣẹ́ kankan. Pátákó ni ó ní.

N kò sọ pé kí ìyá alákàrà lọ di Límítẹ́ẹ̀dì lọ́la. Òwò tí ó jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan, tí kò jẹ gbèsè, tí kò ní ohun tí a lè tú ká, orúkọ òwò tó o. Ẹni tí ó ti ní ẹ̀rọ, tí ó ní ọmọ iṣẹ́, tí ó sì ní ju ìdí igi kan lọ, ni mo ń bá wí. Kí òun náà má sì dá nìkan jẹ́ adarí títí ọjọ́ alẹ́: ìtẹ́ tí kò ní afọbajẹ, òfìfo ni yóò wà. Kí ó ti yan ẹlòmíràn tì í, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Nítorí náà, kí a yé fi àṣà bojú. Àwọn baba wa mọ̀ pé adé kì í ṣe ti orí tí ó dé e. Àwa tí a fi orúkọ àwọn ọmọ wa sí ara pátákó ni kí a dáhùn: kí ni a ó fi lé wọn lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ ni, tàbí irin àlòkù?