Ẹ Má Fojú Tálákà Wo Àgbàdo Mọ́

   

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ ọjà sì ni pẹ̀lú. Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan láàrin wa pé oúnjẹ tálákà ni àgbàdo. Bí àlejò bá dé, wọn á gbé tùwó àgbàdo pamọ́, wọn á sáré lọ ra ìrẹsì. Ọmọ tó bá gbé ẹ̀kọ lọ sílé-ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tí à ń tà á gan-an ńkọ́? A máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ rà á fún adìyẹ yín." Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí o. Ẹni tó bá fi ọjà ara rẹ̀ ṣẹ̀sín, ta ni yóò bá a pọ́n ọn lé? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Mo fẹ́ fi àwọn ará ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Ròmáníà ni orúkọ ìlú náà, ó wà ní apá ìlà-oòrùn Yúróòpù, níbi tí odò ńlá tí wọ́n ń pè ní Danube ti ń ṣàn wọ inú òkun. Òyìnbó ni wọ́n, àmọ́ oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn, àgbàdo ni. Màmàlígà ni wọ́n ń pè é. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní èdè wọn: mămăligă. Bí ẹ bá rí i lórí pátákó, ẹ ó ní ṣebí tùwó la rí yìí, ó kàn pọ́n bíi pupa inú ẹyin ni.

Ẹnì kan lè ní, "Akọ̀wé, kí ló kàn wá pẹ̀lú oúnjẹ àwọn ará Ròmáníà?" Ó kàn wá dáadáa. Àwọn náà ti fojú tálákà wo àgbàdo rí. Àgbàdo yìí ló bọ́ wọn, òun náà ló sì kó àìsàn bá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdí tó fi bọ́ wọn, àti ìdí tó fi ṣe wọ́n léṣe, ó yẹ kí àwa tí à ń ta oúnjẹ mọ̀ ọ́n.

Àgbàdo kì í ṣe irúgbìn àbáláyé wọn, kì í sì í ṣe tiwa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ní apá Mẹ́síkò. Lẹ́yìn tí Columbus dé ọ̀hún ní 1492 ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o káàkiri ayé. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé ilẹ̀ Áfíríkà níbí. Láàrin 1600 sí 1700 ló dé ilẹ̀ Ròmáníà. Kó tó dé, jéró ni wọ́n fi ń ro màmàlígà wọn, irú jéró tí àwọn Haúsá fi ń ṣe fúrá. Nígbà tí àgbàdo dé, tí wọ́n rí i pé ó ń so ju jéró lọ, wọ́n gbá a mú. Àlìkámà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn, ti olówó ilẹ̀ ni, ti ọjà òkèèrè ni. Àgbàdo ló kù fún ẹni tó di ọkọ́ mú. Báyìí ni ó ṣe di pé búrẹ́dì wà fún olówó, màmàlígà wà fún mẹ̀kúnnù. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wọn jọ tiwa?

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń sè é, kí ẹni tó bá fẹ́ lè dán an wò nílé. Àgbàdo pupa gbígbẹ ni wọ́n ń lọ̀, kì í ṣe ògì, wọn kì í rẹ ẹ́ sómi. Ẹ sọ fún onímáṣíìnì kó má lọ̀ ọ́ kúnná jù, kó rí họrọhọrọ díẹ̀ bíi gaàrí. Ife ìyẹ̀fun kan, omi ife mẹ́ta tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti iyọ̀. Ìkòkò irin tó nípọn ni wọ́n ń lò, wọ́n ń pè é ní ceaun. Ẹ gbé omi àti iyọ̀ kaná. Bó bá ti ń hó, ẹ máa da ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ kejì máa rò ó, kó má baà dì ní kókó. Lẹ́yìn náà ẹ dín iná kù. Ibí yìí ni wọ́n ti yàtọ̀ sí wa. Àwa a máa yára ro tùwó, ká sọ ọ́ kalẹ̀. Tiwọn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 40 ló fi ń wà lórí iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí wọ́n á máa fi igi rò ó. Apá á ro ẹni. Bó bá ti ń ṣí kúrò lára ìkòkò fúnra rẹ̀, ó ti jinná nìyẹn.

Wọn kì í fi ìgbákọ bù ú. Ńṣe ni wọ́n ń da ìkòkò délẹ̀ lórí pátákó, tí á dúró gbẹndẹku bí òkìtì kékeré. Wọn kì í sì í fi ọ̀bẹ gé e, nítorí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Òwú ni wọ́n ń fi gé e. Wọ́n á na òwú náà, wọ́n á kì í bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á fà á sókè, á gé geere.

Ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ni kókó ọ̀rọ̀ mi, ẹ fetí sílẹ̀. Wàrà àgùntàn tó ní iyọ̀ ni wọ́n ń rún lé e lórí, pẹ̀lú ọ̀rá wàrà kíkan. Wọ́n ń fi ẹyin díndín jẹ ẹ́. Wọ́n ń fi ẹja jẹ ẹ́, pàápàá àwọn tó wà létí odò Danube. Wọ́n ń gún aáyù mọ́ iyọ̀, wọ́n á po ó mọ́ omi àti òróró, wọ́n á máa fi run ún. Bí Kérésìmesì bá dé, ewé kábéèjì tí wọ́n fi di ẹran lílọ̀ ni wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn darandaran orí òkè Carpathian máa ń ki wàrà sínú rẹ̀, wọ́n á ṣù ú ródóródó, wọ́n á sun ún lórí ẹ̀yinná. Bulz ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ní ọjà wa níbí, wàrà àwọn Fúlàní wà, ẹyin wà, ẹja wà, aáyù wà. Kí ló kù?

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló rí wàrà àti ẹyin jẹ láyé ìgbà náà. Àwọn àgbẹ̀ tí ilẹ̀ kò tó, tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, màmàlígà lásán ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àìsàn kan sì wọ àárín wọn tí wọ́n ń pè ní pellagra. Bí oòrùn bá ti pa ẹni náà, awọ ọwọ́ àti ọrùn rẹ̀ á máa bó bíi pé iná jó o. Inú á máa ṣí. Tó bá pẹ́, orí á dàrú, ẹlòmíràn á sì kú. Àìsàn yìí pọ̀ ní Ítálì, ó pọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, Ròmáníà sì wà lára ibi tó ti le jù. Àwọn kan ní àgbàdo tó bu ló fà á, àwọn mìíràn ní àkóràn ni. Dókítà Joseph Goldberger ló fi hàn ní Amẹ́ríkà ní 1915 pé oúnjẹ tí kò pé ló ń fà á. Ní 1937 ni Conrad Elvehjem rí i pé fítámì kan tí wọ́n ń pè ní niacin ló ń wò ó sàn.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn onílẹ̀ Mẹ́síkò tó ni àgbàdo kì í ní àìsàn yìí bẹ́ẹ̀. Kí nìdí? Omi eérú tàbí omi òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń se àgbàdo wọn kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, ìyẹn ló ń tú fítámì yìí sílẹ̀ kí ara lè rí i lò. Wọ́n sì ń jẹ ẹ̀wà mọ́ ọn. Nígbà tí òyìnbó kó àgbàdo wọ ọkọ̀, hóró rẹ̀ nìkan ni wọ́n kó, wọn ò béèrè bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọjà dé, ọ̀nà ìlò rẹ̀ ò dé. Ìwọ̀nyí la fi ń mọ̀ pé ẹni tó ń tajà tí kò sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ìdajì ọjà ló tà.

Ìyà àwọn àgbẹ̀ Ròmáníà pọ̀ débi pé ní oṣù kẹta 1907, wọ́n dìde ogun sí àwọn onílẹ̀. Abúlé tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, Flămânzi ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "àwọn tí ebi ń pa". Àwọn sójà yìnbọn fún wọn, ọ̀pọ̀ ló kú. Síbẹ̀, àwọn ará Ròmáníà fúnra wọn máa ń pa òwe kan pé màmàlígà kì í bú gbàmù, ìyẹn ni pé àwọn èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, bó ti wù kí wọ́n jìyà tó. Àfi ìgbà tó di oṣù kejìlá 1989 tí wọ́n lé Ceaușescu kúrò lórí oyè. Wọ́n wá ní, ẹ wò ó, màmàlígà ti bú!

Lónìí ńkọ́? Wọn ò ju màmàlígà nù. Ó wà nílé mẹ̀kúnnù, ó wà nílé oúnjẹ olówó gọbọi, wọ́n sì ń gbé e fún àlejò. Ròmáníà wà lára àwọn tó ń gbin àgbàdo jù lọ nínú Ẹgbẹ́ Orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ìyẹ̀fun yìí kan náà ni wọ́n ń dì sínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n kọ polenta sí lára, orúkọ tí àwọn ará Ítálì ń pè é. Ọmọ wa á fi owó gọbọi rà á, á kọjá níwájú igbá tiwa.

Èrò tèmi rèé o. Èkíní, kí ìtìjú àgbàdo tán láàrin wa. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, àgbàdo sì ti lé ebi jáde nílé púpọ̀.

Èkejì, ká má jẹ ẹ́ lásán. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn ìyá wa ò ka ìwé fítámì, síbẹ̀ wọ́n fi mọ́ínmọ́ín àti àkàrà ti ẹ̀kọ, wọ́n fi ẹ̀wà ti ẹ̀gbo, wọ́n se àdàlú. Ọgbọ́n ni. Ní báyìí tí ẹ̀wà ti wọ́n, ẹ̀wà la kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Ọmọ á mu ògì àti ṣúgà láàárọ̀, á tún mu ún lálẹ́, a ó ní ó ti yó. Ikùn ló yó, ara ò yó. Àwa náà tí à ń jókòó sọ́jà látàárọ̀, ẹ̀kọ tútù àti omi la fi ń ti ọjọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe ẹ̀wà síbí méjì ni, bó ṣe ẹja tíńtín tàbí ẹ̀pà ni, ẹ fi sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbàdo, èyí tó bá bu, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ kí ẹ sá a padà sóòrùn láti tà. Májèlé inú èébu kì í bá omi lọ. Ní Kẹ́ńyà ní 2004, àgbàdo tó bu dá èèyàn 317 dùbúlẹ̀, 125 nínú wọn sì kú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ má gbé e sílẹ̀ lásán, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ gbé e sórí pákó, ẹ ṣa èyí tó bàjẹ́ dànù.

Ìkẹrin ló kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí oníyẹ̀fun àti ẹlẹ́wà máa pàtẹ síra wọn. Bí oníbàárà bá ra kóńgò àgbàdo kan, kí a sọ bí wọ́n ṣe ń sè é fún un, kí a sì fi ẹ̀wà hàn án. Èrè á wọlé fún ẹni méjì, oúnjẹ tó pé á délé oníbàárà. Mo fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó kọ ìwé sí wa tàbí kó dìde sọ ọ́, a ó gbọ́ ọ.

Kí ọjà ó tà, kí ara ó le o.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́