Idẹ Bìní: Ẹ Má Gbè Sẹ́yìn Olè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Oṣòòrò, Bìní kò jìnnà sí wa. Àwọn kan nínú wa ń wí pé, “Òrìṣà ni idẹ Bìní, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ òyìnbó.” Lóòótọ́, ojúbọ ni a ti kó òmíràn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn oníṣẹ́ idẹ Bìní ya Potogí, tirùngbọ̀n tìbọn. Ta ní ń foríbalẹ̀ fún Potogí? Ìtàn Yúróòpù ni, ọwọ́ ènìyàn dúdú ló kọ ọ́. Ní 1897, ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kó wọn lọ. Ṣé olè di ẹ̀tọ́ nítorí pé ẹni tí wọ́n jà lólè kì í ṣe Mùsùlùmí? Ní 2025, Netherlands dá 119 padà. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́?