Mo Fi Owó Ra Ewú

Àwọn àgbà ní ewú ni ogbó, irùngbọ̀n ni àgbà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbó láyé òde òní? Èmi gan-an, n ò ní purọ́, ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń kun dáì dúdú sórí. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tó ń kun irun ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Àwọn tó ń tàn wá pé omi ni ọ̀tá irun tí a kùn ni mo ń bá jà.

Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo dirí tuntun, dáì ibẹ̀ ń dán gbinrin. Obìnrin kan tó ń ta ìpara àti àtíkè ní Ìlọrin ní kí n má fọ̀ ọ́ rárá, kí dáì má baà ṣí. Ó ní ṣáḿpù aláìlómi ni kí n máa fín sí i. Mo sanwó, mo gbé agolo wá sí Ṣàrẹ́. Láàárọ̀ Sátidé mo fín in, ṣàà, ṣàà! Nígbà tí n ó fi wo dígí, orí mi ti funfun bí ẹni tó sùn nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ láfún. Mo nù ún títí, àárín dídì ló tún wọ̀ lọ. Ìyá mi wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fowó pa ewú, o tún wá fowó ra ewú?" N ò lè fèsì.

Ìgbà tí inú mi rọ̀ ni mo wá wádìí ohun tó wà nínú irú agolo bẹ́ẹ̀. Háà! Sitáàṣì mà ni! Ti ìrẹsì, ti àgbàdo, tàbí ti ẹ̀gẹ́ tí òyìnbó ń pè ní tapioca, pẹ̀lú gáàsì tó ń tì í jáde. Àwa ará Ṣàrẹ́ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe gàrí, tí a ń fi ṣe láfún, àwa náà la wá ń ra ìyẹ̀fun inú agolo lówó gọbọi!

Kí ni sitáàṣì ń ṣe lórí? Ó ń fa òróró mu ni. Irun òyìnbó nà tọ̀ọ́rọ̀. Òróró awọ orí máa ń tètè ṣàn dé ṣóńṣó rẹ̀, irun á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wúlò fún wọn. Tiwa ká kókó, òróró kì í rìn jìnnà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pa òrí àti àdín sí i. Irun tí a kùn tilẹ̀ tún máa ń gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí waá ni èrè pípa òrí láàárọ̀, ká fi ìyẹ̀fun fà á jáde lálẹ́?

Ewu náà ń bẹ níbẹ̀. Gáàsì inú ọ̀pọ̀ agolo wọ̀nyí máa ń gbiná. Ẹ má fín in nítòsí ààrò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, iléeṣẹ́ Unilever kó àwọn kan nínú tirẹ̀ padà lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà nítorí benzene, kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni PPD tó wà nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú máa ń mú kí orí yún àwọn mìíràn, kí ojú wọn sì wú. Bí orí bá ń yún yín, ìyẹ̀fun á bò ó mọ́lẹ̀ ni, kò ní wò ó sàn.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní omi wọ́n lẹ́ẹ̀rùn, fífọ̀ ń ba dídì jẹ́, omi sì ń ṣí dáì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọṣẹ líle ló burú jù. Ọṣẹ dúdú wa pàápàá, bó ti dára tó, eérú inú rẹ̀ máa ń la ara irun sílẹ̀, dáì á sì máa yọ́ jáde. Ẹ lo ṣáḿpù tí kò le, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kí ẹ sì fi òrí tẹ̀ lé e. Bí omi kò bá sí, ẹ fi aṣọ tútù nu ojú ìlà dídì. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ lo ìyẹ̀fun, ẹ po sitáàṣì díẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun kòkó, kó má baà funfun.

Ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ sọ òótọ́ fún oníbàárà yín. Ní tèmi, bí n bá tún fẹ́ ewú, n ó dúró de èyí tí Ọlọ́run ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.