Abèèrè Ti Ń Ṣìnà Láàárín Wa

Yorùbá ní abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ wá lọ béèrè ọ̀rọ̀ kékeré lọ́wọ́ àwa tí à ń kọ kóòdù ní Nàìjíríà, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ò ní í ṣìnà. "Ṣé o ti Google ẹ̀?" "Irú ìbéèrè wo nìyẹn?" "Ìwọ náà lo fẹ́ di developer?" Àwọn kan á rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dáhùn, àwọn tó pọ̀ jù ò tiẹ̀ ní í dáhùn. Ẹni tó béèrè á rọra pa laptop ẹ̀ dé. Lọ́jọ́ kejì, àwa kan náà la ó máa sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ò ní sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ò ní sùúrù níbẹ̀?

Mo ti lé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo ti fi PHP jẹun, mo ti fi JavaScript àti Python jẹun. Àmọ́ kì í ṣe èyí tó pa owó fún mi jù ni mo fẹ́ yìn lónìí. Rust ni mo fẹ́ yìn, nítorí ohun kan ṣoṣo: ó mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò. Mo sì fẹ́ fi ìyìn yẹn bá àwa Yorùbá tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí wí, nítorí àwa tó yẹ ká fi ọ̀yàyà kọ́ aráyé la wá di ẹni tí wọ́n ń fi í kọ́.

Rust ò tíì dàgbà. Graydon Hoare, ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Mozilla, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006. Mozilla fúnra wọn gbé e lọ́wọ́ ní 2009, ẹ̀dà 1.0 sì jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2015. Tí a bá fi wé C tó ti wà láti 1972, tàbí Python tó jáde ní 1991, ọmọ àná ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Òyìnbó rárá. Ọ̀rọ̀ oko ni.

Ká ní o wà lóko ní Ṣakí. Bí o bá fún mi ní àdá rẹ, àdá ti di tèmi. O ò lè jí lọ́la kí o ní o fẹ́ fi ṣán igbó. Bí o bá yá mi, tìrẹ ṣì ni, mo gbọ́dọ̀ dá a padà. Èèyàn mẹ́wàá lè jọ máa wo àdá kan náà, kò sí ìjà. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ń pọ́n ọn lọ́wọ́, kí ẹlòmíì má sún mọ́ ọn títí onítọ̀hún á fi pọ́n ọn tán. Òfin tí Rust fi ń ṣọ́ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn: ta ló ni ín, ta ló yá a, ta ló ń yí i padà. Kò sí àgbẹ̀ kan ní gbogbo Òkè-Ògùn tí òfin yìí máa ṣàjèjì sí.

Wàhálà ni pé a máa ń gbàgbé. Ní C, bí o bá tún fẹ́ fi àdá tí o ti fún ẹlòmíì ṣán igbó, kóòdù rẹ lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó ṣiṣẹ́ lọ́la, kó wá dákú lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ ń fi iṣẹ́ náà han oníbàárà. Ohun tí o máa rí lè má ju "segmentation fault" lọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Kò sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kò sọ ìdí. Ìwọ àti Ọlọ́run rẹ ló kù.

Compiler Rust, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù wò kó tó sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa dá ọ dúró kí iṣẹ́ tó bàjẹ́. Ó máa fi ìlà tí o ti fi nǹkan náà tọrẹ hàn ọ́, ó máa fi ìlà tí o ti tún fẹ́ lò ó hàn ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà á sì kọ ohun tó rò pé o ní lọ́kàn sísàlẹ̀: bóyá báyìí lo fẹ́ sọ ọ́. Á tún fún àṣìṣe náà ní nọ́ńbà, E0382. Bó bá ṣì dojú rú mọ́ ọ lójú, tẹ rustc --explain E0382, á ṣàlàyé fún ọ látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú àpẹẹrẹ, bí ẹ̀gbọ́n tó gbọ́njú.

Ẹ má rò pé àlàyé yẹn kàn hù jáde. Àwọn èèyàn ló jókòó kọ ọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Wọ́n ronú nípa rẹ, ìwọ tí wọn ò mọ̀ rí, ní àsìkò tí ojú ń tì ọ́ jù, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dè ọ́. Ìyẹn ni mò ń pè ní gbígba àlejò.

Ohun tó wá kàn wá jù ní Òkè-Ògùn ni pé kò jẹ dátà. Lẹ́yìn tí o bá ti fi Rust sórí laptop lẹ́ẹ̀kan, tẹ rustup doc, ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ èdè náà látìbẹ̀rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti gbé Òkèhò tàbí Kìṣí rí, tó ti gbé fóònù sókè káàkiri àgbàlá torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mọ bí ìyẹn ṣe tó.

Àwọn tó wà nídìí èdè náà tún kọ òfin ìwà sílẹ̀. Ìlérí tó ṣáájú níbẹ̀ ni pé àwọn fẹ́ pèsè ibi tí ara á ti tu gbogbo èèyàn, tí ọkàn wọn á balẹ̀, tí wọ́n á ti rí ọ̀yàyà. Wọ́n wá ka àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ fojú tín-ín-rín ẹlòmíì. Ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣáájú, kó tó kan ẹ̀yà, ọjọ́ orí, ẹ̀sìn àti orílẹ̀-èdè. Ẹ gbọ́ ná: ìrírí ló ṣáájú! Wọ́n mọ̀ pé ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà ti sábà máa ń jẹ ọmọ tuntun níyà nìyẹn, wọ́n wá fi òfin dí i.

Kì í ṣe pé áńgẹ́lì ni wọ́n o. Ní oṣù Kọkànlá 2021, àwọn tí wọ́n yàn láti máa mójú tó ìwà níbẹ̀ fi ipò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní àwọn tó wà lókè pátápátá ò jẹ́ kí òfin mú àwọn. Ó di ariwo. Ní 2023, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ tuntun kalẹ̀. Èmi ò ka ìyẹn sí àbùkù. Níbi tí òfin wà ni wọ́n ti lè jà pé kó mú àgbà bó ṣe ń mú ọmọdé. Níbi tí kò sí òfin, àgbà á kàn máa bú ọmọ lọ ni, kò sẹ́ni tó máa bi í.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní àkẹ́jù ló ń ba ọmọ jẹ́. Wọ́n á ní àwọn ò rẹ́ni kọ́ àwọn, ìyà ló kọ́ àwọn, kí àwọn ọmọ náà lọ jẹ tiwọn. Ẹ lọ wo ìdí òfì ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ òkè níbẹ̀ kì í fọwọ́ lẹ́rán. Àmọ́ bí òwú bá já mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀gá tó mọṣẹ́ ò ní dúró máa fi í rẹ́rìn-ín. Á tọ́ka síbi tó ti já, á fi hàn án bí wọ́n ṣe ń so ó, torí ó mọ̀ pé orúkọ òun ni wọ́n máa fi ta aṣọ yẹn. Iṣẹ́ le, ọ̀gá ò sì kanra. Méjèèjì lè jọ wà. Rust náà le. Ó máa ń pẹ́ kó tó yé èèyàn, laptop tó ti gbó á sì gbóná bí ààrò tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tàn yín pé ó rọrùn. Ó kàn le láìkanra ni.

Bí ẹ bá sì ń wá àgbà tó kanra, ẹ lọ béèrè Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, Linux tó wà nídìí gbogbo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bú àwọn tí kóòdù wọn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, òun fúnra ẹ̀ tọrọ àforíjì ní gbangba, ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fúngbà díẹ̀ láti lọ tún ìwà ẹ̀ ṣe, Linux náà sì gba òfin ìwà. Ní oṣù Kejìlá 2022, Linux 6.1 jáde, Rust sì wà nínú ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣé ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ló ń wọ irú ilé bẹ́ẹ̀?

Àwọn míì á ní, "Ta ló ń gba oní-Rust síṣẹ́ ní Nàìjíríà?" Wọn ò pọ̀, òótọ́ ni. Ẹni tí ebi ń pa, kó lọ kọ́ JavaScript, mi ò bá a jà. Mi ò ní ká kó lọ sínú Rust. Mo ní ká kó ìwà Rust wá sínú ohun yòówù tí à ń kọ́ ara wa.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí rèé. Ọmọ tó pa laptop ẹ̀ dé lẹ́yìn tí a fi í ṣẹ̀sín ò ní ju laptop náà nù. Ẹlòmíì á kí i káàbọ̀. Àwọn oní-Yahoo kì í bi ọmọ tuntun bóyá ó ti Google ẹ̀. Wọ́n á fún un níbi tó máa sùn, wọ́n á fún un ní dátà, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó máa fi lu èèyàn ní jìbìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá tó gbọ́ yékéyéké. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ wá létí dáadáa: tó bá di ká gba àlejò, àwọn gbájú-ẹ̀ sàn jù wá lọ. À ń ṣépè fún Yahoo tọ̀sán-tòru, àwa kan náà la sì ń ti ilẹ̀kùn kejì pa.

Ẹ tún wo bí a ṣe gba ọmọ tiwa. Anuoluwapo Karounwi fi Node.js kọ Yorlang, èdè kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé Yorùbá ni àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀: jẹ́kí, sọpé, ṣé, tàbí, nígbàtí. Ó gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni lè wò ó kó sì tún un ṣe. Bí mo bá dárúkọ ẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, ẹ̀rín ni mo sábà máa ń gbọ́: "Ta ló fẹ́ fìyẹn wáṣẹ́?" Ṣebí a ò fi bọ́ọ̀lù àdúgbò wáṣẹ́, a sì ń gbá a lálaalẹ́! Ọmọ tó bá kọ sọpé, tí kọ̀ǹpútà sì dá a lóhùn, ti mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí ò kórìíra èdè ìyá òun. Ìyẹn ò kéré.

Àmọ́ Yorlang nìkan ò lè gbé ẹrù yìí. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òfin nínú èdè kọ̀ǹpútà kan ò pọ̀. Ọmọ tó já fáfá á há wọn sórí lọ́sẹ̀ kan, kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Àlàyé ló ń lé ọmọ sá: ìwé Gẹ̀ẹ́sì, àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀gàn tún wà nínú ẹ̀. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń túmọ̀ ìwé Rust sí oríṣiríṣi èdè. Tagalog àti Cebuano tí wọ́n ń sọ ní Philippines wà lára wọn. Esperanto wà níbẹ̀, Esperanto tí ọkùnrin kan jókòó ṣẹ̀dá, tó gbé jáde ní 1887! Yorùbá tí àìmọye mílíọ̀nù èèyàn fi ń pe ọmọ wọn lórúkọ, mi ò rí i níbẹ̀ nígbà tí mo wò ó kẹ́yìn. Kò sì sẹ́ni tó tilẹ̀kùn mọ́ wa. Àwa la ò wọlé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ó ti tó. Polí wà ní Ṣakí, LAUTECH ti gbé apá kan wá sí Ìsẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó ń béèrè ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹni tó bá fi Yorùbá béèrè, ẹ fi Yorùbá dá a lóhùn. Bí ìbáwí bá tiẹ̀ yẹ, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ná. Ẹ mú àlàyé àṣìṣe Rust kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti E0382, kí ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń bá àbúrò sọ̀rọ̀. Bí a bá jẹ́ ogún, tí oníkálukú mú márùn-ún, ọgọ́rùn-ún ti délẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò ní í wọ́n wa. Àdá wà, fífúnni wà, yíyá wà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tá a ti mọ kóòdù díẹ̀ làgbà ọjà yìí, ó wù wá, kò wù wá. Ìbéèrè kan ṣì wà lórí fóònù rẹ tí o ti kà tí o ò dáhùn. Lọ dá a lóhùn.